Lẹ́tà Tí Bàbá Mi Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Mú Wá

Nígbà tí sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba yẹn, dé, tí ilé iṣẹ́ oníke wa ní Sango dá ìdajì wa dúró, wọ́n ní àwọn á kọ lẹ́tà pè wá padà tó bá yá. Wọ́n ní ká kọ àdírẹ́sì ilé wa sínú fọ́ọ̀mù. Èmi ọlọ́gbọ́n, mo kọ ilé bàbá mi nítòsí Ìkìrun. Yàrá kan tí mò ń háyà ní Sango, ta ló ń pe ìyẹn nílé? Gbogbo wa tá a wá láti òkè la kọ bẹ́ẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, bàbá mi yọ sí mi, ó gbé iṣu dání, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ó ní láti ọjọ́ Ajé ni tíṣà tó ń bá òun ka lẹ́tà ti sọ fún òun pé wọ́n pè mí padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n òun ò lè fi irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ rán dírẹ́bà ọkọ̀ Sango. Ó na lẹ́tà náà sí mi, mo ka ìlà ìsàlẹ̀. Ẹni tí kò bá yọjú láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, lẹ́tà rẹ̀ ti lápùsì. Mo fìka ka ọjọ́. Òní ló pé.

N kò wọ bàtà. Mo sáré dé géètì, máígádì ní kí n dúró, mo ní tó bá dán an wò, àá jọ yí nílẹ̀ ni.

Ọ̀gá pásónẹ̀l wo kàlẹ́ńdà. Ó ní ọjọ́ tí àwọn kọ ọ́ gan-an wà nínú mẹ́rìnlá náà. Àná ló pé. Mo ní kí ló ń jẹ́ lápùsì, ṣebí sítáǹbù yín nìyí, omi ò kàn án, kò ya. Ó ní òótọ́ ni, àmọ́ agbára rẹ̀ ti tán, kódà ní kóòtù, ìwé lásán ni.

"Ó ti kú," ló wí.

Wọ́n ti gba ẹlòmíì. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, èmi tí n kì í bẹ èèyàn.

Nígbà tí mo padà délé, bàbá mi ṣì wà lórí ìdúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Mo sọ fún un pé lẹ́tà ti kú. Ó bi mí pé láti ìgbà wo. Inú ń bí mi, ó ti dé ètè mi pé àná ni, pé ká ní ó fi rán dírẹ́bà lọ́jọ́ Ajé ni, kì bá tí kú, àmọ́ mo gbé e mì.

"Ó ti kú kó tó dé ọwọ́ yín, Bàbá."

Ó wò mí títí. Ó ní kí n fi orí òun búra.

Mo búra.