Ẹ̀wà fún Ẹdun inú Gíláàsì

Ilé ẹran gbígbẹ ni àwọn ará àdúgbò wa ní Mayfair ń pe ibi iṣẹ́ mi. Mùsíọ́mù inú yunifásítì ni, níbi tí wọ́n kó ẹran àti ẹyẹ igbó ilẹ̀ wa sí. Wọ́n bó awọ wọn, wọ́n rọ òwú sí i nínú, wọ́n sì gbé wọn dúró sínú àpótí gíláàsì. Èmi ni mò ń nu gíláàsì, tí mò ń da káńfọ̀ síbẹ̀ kí kòkòrò má baà jẹ wọ́n, tí mo sì ń mú àwọn ọmọ iléèwé yíká. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn rẹ̀ kò lè gbóòórùn káńfọ̀ lójoojúmọ́ ayé.

Nígbà tí mo bí ìbejì, ní nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1990, ìyá ọkọ mi wá láti Ìwó láti bá mi tọ́jú wọn. Àlhájà ni wọ́n, wọn kì í pa ìrun kan jẹ, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ẹ̀wà ìbejì. "Sàráà ni, kì í ṣe òrìṣà," ni wọn yóò wí kí ẹnikẹ́ni tó bi wọ́n. Gbogbo Jímọ̀ ni wọ́n ń ra ẹ̀wà ní Sábó, wọn á fi epo pupa sè é, wọn á pín in fún àwọn ọmọdé àdúgbò. Èmi náà ń jẹ níbẹ̀. Ẹ̀wà Màmá dùn, n kò ní purọ́.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ń rù, tí kò mu ọyàn dáadáa mọ́. Dókítà ní ibà ni, ó fún wa lóògùn. Ọkọ mi, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́, wá sọ fún ìyá rẹ̀ pé ẹdun kan wà ní mùsíọ́mù wa. Ta ni kò mọ̀ pé ẹbí ni ẹdun àti ìbejì? Màmá gbé àwo ọwọ́ wọn sílẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, ìwọ lo wá ń ṣe wọ́dà fún ẹbí ọmọ rẹ! Wọ́n ti ẹbí wọn mọ́nú gíláàsì, ebi ń pa á, ìwọ lo mú kọ́kọ́rọ́ dání. Báwo ni ọmọ á ṣe fẹ́ jẹun?"

"Màmá, ó ti kú. Òwú ló wà níkùn ẹ̀. Ebi kì í pa òwú."

"Òkú tí wọn ò sin, kí là ń pe ìyẹn?" Wọ́n ní bí mi ò bá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, àwọn yóò kó àwọn ọmọ náà lọ sí Ìwó. Mo wo ọkọ mi. Ó ń wo bàtà rẹ̀. Ó ní, "Màmá lọ́rọ̀."

"Ó dáa. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa fún wọn lọ́yàn ní Ìwó?" Inú ń bí mi. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni, mo bá rọ ohùn mi sílẹ̀, mo ní kí Màmá bá mi lọ wo ẹdun náà fúnra wọn ná.

Jímọ̀ ni a lọ, Màmá da ìborùn ńlá bora. Mo ṣí àpótí ẹdun láti pààrọ̀ káńfọ̀, ni àwọn ọmọ iléèwé bá dé, mo sì lọ fi ọ̀nì hàn wọ́n. Nígbà tí mo padà, ojú Màmá ti túká. Mo ti àpótí pa, inú mi dùn pé wọ́n ti rí i pé òkú ẹran lásán ni. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọyàn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ oògùn ibà. Màmá kàn ń rẹ́rìn-ín, wọn ò dárúkọ Ìwó mọ́.

Ṣé ẹ ti mọ ohun tó wà lábẹ́ ìborùn? Kò pẹ́ tí ọ̀gá wa fi ké sí mi. Ẹ̀wà tó ti bu, àwo kékeré kan, lẹ́yìn igi tí ẹdun dúró lé! Èèrà ti dé, aáyán ti dé, àwọn ìdin onírun tó ń jẹ awọ sì ti wọ ẹdun lára. Mo mọ epo yẹn. Ọ̀gá ní kí n gbé ẹdun náà jáde lọ́jọ́ kejì, kí n ṣa ìdin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí mi ò bá sì rí i ṣe, kí n jókòó sílé.

Mo délé, mi ò lè pa á mọ́ra. "Màmá, ẹ̀wà yín ti fẹ́ẹ̀ jẹ ẹdun tán o!"

Mo rò pé wọ́n á bínú ni. Ẹ̀rù ló bà wọ́n. "Lá ìláhà ìlàlọ́ọ̀! Bí nǹkan bá ń jẹ ẹdun, kí ló máa ṣẹ́kù fún ọmọ?" Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í di aṣọ àwọn ọmọ sínú báàgì. Wọ́n ní Ìwó ni àwọn ń kó wọn lọ láàárọ̀. Ọkọ mi tún wo bàtà rẹ̀. Mo sunkún lórí àwọn ọmọ náà títí wọ́n fi sùn.

Láàárọ̀, Màmá ní àwọn á kọ́kọ́ yà bẹ ẹdun kí àwọn tó lọ sí gáréèjì. Wọ́n pọn ọ̀kan, mo pọn ìkejì, báàgì wà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí a dé mùsíọ́mù, mo tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, mo gbé ẹdun lé e, mo mú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, mo ń ya irun rẹ̀ bí ẹni ń wá iná lórí ọmọ. Mi ò tiẹ̀ mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. "Rọra, má jà, ó kù díẹ̀, ó kù díẹ̀." Bí mo ṣe máa ń bá àwọn ìbejì sọ̀rọ̀ nídìí omi ìwẹ̀ nìyẹn.

"Ṣé bó o ṣe máa ń bá a sọ̀rọ̀ nìyẹn?" Màmá bi mí.

"Ta ni n ó bá sọ̀rọ̀? Òun la jọ ń wà níbí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀."

Wọ́n gbé báàgì sílẹ̀, wọ́n fa àga. "Mú búrọ́ọ̀ṣì kan wá."

A ṣa á títí, àfi ìgbà tí mo fún ọmọ lọ́yàn àti ìgbà tí wọ́n kírun. Ọwọ́ wọn yá ju tèmi lọ. Ọ̀gá wa wá wò ó, wọ́n fi orí sọ pé ó dáa, wọ́n lọ. Nígbà tí a parí, Màmá fi ọwọ́ tẹ ikùn ẹdun náà díẹ̀.

"Màmá!"

"Mo ti gbọ́," wọ́n ní. "Òwú."

Ọjọ́ ti rọ̀ nígbà tí a wọ bọ́ọ̀sì. Ọ̀nà kan náà ni ilé wa àti gáréèjì, gáréèjì ló jìnnà jù, mi ò sì lè bi wọ́n ibi tí wọ́n ń lọ. Mo gbé báàgì lé itan wọn bí wọ́n ṣe dì í. Bọ́ọ̀sì dúró ní Mayfair, mo sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ẹ̀yìn mi, mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹsẹ̀ mi ò ṣí. Dẹ́rẹ́bà ní ṣé ká máa lọ.

Màmá na báàgì náà sí mi láti ojú fèrèsé. "Gbà á dání," wọ́n ní, "kí n lè rọra gbé ọmọ sọ̀."