Àgbà Tí Wọn Kò Lè Rán Níṣẹ́

Mo ti lé ní ogójì ọdún nígbà tí mo di ọmọ àítì. Bí wọ́n ṣe ń pe akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ rán jáde láti lọ kọ́ṣẹ́ lójú iṣẹ́ nìyẹn, àwọn ọmọ ogún ọdún ni wọ́n sì máa ń jẹ́ orúkọ náà. Ní tèmi, mo ti ṣiṣẹ́ rélùwéè rí, mo sì ti wà ní ọ́fíìsì ìjọba ní Òṣogbo láti ìgbà tí wọ́n ti sọ ìlú náà di olú-ìlú ìpínlẹ̀. Fáìlì ni iṣẹ́ mi. Mo ń gba fáìlì wọlé, mo ń kọ nọ́ńbà sí i lára, mo ń gbé e jáde. Bí a bá ti ti ọ́fíìsì, mo ń lọ sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́, níbi tí mo ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí, nítorí pé láti kékeré ni ó ti máa ń wù mí láti mọ ohun tí ó wà nínú nǹkan, fáìlì kò sì ní ohunkóhun nínú ju ìwé lọ.

Ní ìparí ọdún àkọ́kọ́, olùkọ́ wa ní kí olúkúlùkù lọ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀kọ́ náà jẹun, kí a lè mọ iṣẹ́ tí yóò bá wa lára mu. Mo fa ìlà sínú ìwé kan, mo sì kọ ibi mẹ́ta sí i: ibi tí wọ́n ti ń sin ẹja ní Ìdó-Ọ̀ṣun, ibi tí wọ́n ti ń yẹ omi ẹ̀rọ wò, àti yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Mo kọ àǹfààní àti àléébù ọ̀kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ rẹ̀. Ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́sàn-án. Yàrá àyẹ̀wò ni ó borí. Mo fi ìwé náà han ìyàwó mi, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì bi mí pé:

“Bàbá ọmọ mi, ta ní ń pa adìẹ Kérésì nínú ilé yìí?”

“Ìwọ ni.”

“Níbo ni ẹ máa ń wà nígbà náà?”

“Nínú yàrá.”

“Kí ni ẹ máa ń ṣe níbẹ̀?”

Ó mọ̀ pé rédíò ni mo máa ń yí sókè kí n má baà gbọ́ igbe adìẹ.

“Ẹ kọ ìyẹn náà kún àléébù,” ni ó wí.

Mo kọ ọ́ kún un.

Mo gba ìsinmi ọdún mi, mo sì gbé aṣọ funfun fún télọ̀ kan ní Òkè Baálẹ̀ kí ó rán kóòtù fún mi. Télọ̀ náà wo irun mi tí ó ti ń funfun, ó sì fi ojú ara rẹ̀ pinnu irú ẹni tí mo jẹ́. Ó rán kóòtù náà dé agbede-méjì ojúgun mi, ó sì fi àpò mẹ́rin sí i. Bí mo ṣe gbé e wọ̀, tí mo fi awò sójú, tí mo wọ ilé ìwòsàn kan ní Iléṣà ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, àwọn aláìsàn tí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì dìde dúró.

Ọ̀gá yàrá àyẹ̀wò jẹ́ ọmọbìnrin Ìjẹ̀ṣà kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí wọ́n fara balẹ̀ tọ́. Orí ìkúnlẹ̀ ni ó ti kí mi.

“Ẹ káàbọ̀, sà. Wọn kò sọ fún wa pé ẹ ń bọ̀ lónìí.”

“Kò burú,” ni mo wí, nítorí mo rò pé lẹ́tà tí ilé ẹ̀kọ́ kọ sí wọn ni kò tètè dé.

Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù hàn mí. Ó ṣí dúrọ́ọ̀ hàn mí. Ó mú mi dé ìdí fíríìjì kan tí kò dún. “A ti kọ̀wé nípa èyí lẹ́ẹ̀mẹta, sà.” Mo wo fíríìjì náà tàánútàánú.

“Ẹ̀kọ́ ni mo wá kọ́,” ni mo wí.

“Bí àwọn ọ̀gá gidi ṣe máa ń sọ nìyẹn, sà,” ni ó fèsì, ó sì ní kí wọ́n ra mínírà wá fún mi. Ó rò pé láti sẹkitéríàtì ni mo ti wá ṣe àbẹ̀wò. Mo ti mu mínírà náà dé ìdajì kí n tó ráyè na ẹ̀dà lẹ́tà náà sí i. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

“Ẹ̀yin ni àítì?”

“Èmi ni, mà.”

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má pè mí ní mà.”

Ibẹ̀ ni ìṣòro mi ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ fún mi ní ìwé àkọsílẹ̀ kan, wọ́n sì to iṣẹ́ sí ojú ìwé kìíní rẹ̀: fífọ dígí pẹlẹbẹ tí a ń kán ẹ̀jẹ̀ sí, lílo maikirosíkóòpù, fífa ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn. Ọ̀gá ni yóò fọwọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí ó bá ti rán mi, tí mo sì ti ṣe é lójú rẹ̀. Bí àyè kan bá ṣófo nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá pé, n kò ní wọ ọdún kejì, ọ̀dọ̀ fáìlì ni mo sì máa padà sí títí n óò fi fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí a tọ́ dáadáa kì í rán ẹni tí ó lè bí i níṣẹ́.

Wọ́n fún mi ní àga. Bí wọ́n bá ní kí ọmọbìnrin àítì kejì, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, lọ fọ dígí, èmi náà á dìde, gbogbo yàrá á sì pariwo, “Háà! Bàbá, ẹ fi sílẹ̀!” Lọ́jọ́ kan mo ti fọ ẹyọ mẹ́ta kí ọ̀gá tó já ẹ̀kẹrin gbà lọ́wọ́ mi, ó sì ń bẹ̀ mí bí ẹni tí ó ṣẹ̀ mí. Ní ilé, mo ń fi abẹ́rẹ́ gún ọsàn lórí tábìlì ìjẹun. Ìyàwó mi ń bi mí bóyá ọsàn náà ti ń gbádùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá báyìí. Ìwé mi mọ́ tónítóní.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin ni ìyá àgbà kan wá ṣe àyẹ̀wò ibà. Ọ̀gá ilé ìwé tí ó ti fẹ̀yìn tì ni, ohùn rẹ̀ sì tún lè pe kíláàsì mẹ́fà jọ. Ọ̀gá wa mú rọ́bà tí wọ́n fi ń so apá, ìyá náà sì fa apá rẹ̀ sẹ́yìn.

“Ẹ̀yin ọmọdé wọ̀nyí gún mi lẹ́ẹ̀mejì níjọ́sí, ẹ ò rí iṣan. Dókítà àgbà tó jókòó yẹn ni mo fẹ́.”

Gbogbo ojú yí sí mi. Ọ̀gá wa kò mọ bí ènìyàn ṣe ń sọ fún àgbà kan níwájú àgbà kejì pé ó ti ṣìnà, nítorí náà ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé abẹ́rẹ́ fún mi. Mo gbà á. Èmi tí mo ti ń wá bí wọn yóò ṣe fọwọ́ sí ìwé mi láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àyè rẹ̀ ló yọ yìí. Mo wo apá ìyá náà. Kò jọ ọsàn rárá.

“Mà,” ni mo wí, “n kì í ṣe dókítà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Ọmọbìnrin yìí ni ọ̀gá mi, n kò sì tíì fa ẹ̀jẹ̀ lára ẹnikẹ́ni rí.”

Ìyá náà wò mí láti orí dé etí kóòtù. Ó bú sẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́.

“Ó ti tó ọjọ́ mélòó tó o ti wà níbí?”

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lé, mà.”

“Ùṣẹ́ wo ni wọ́n ti kọ́ ọ?” Ìjẹ̀ṣà rẹ̀ ti jáde.

“Wọ́n ní kí n jókòó, mà.”

Ó yíjú sí ọ̀gá wa. “Wọ́n gbé ọmọ wá fún ọ kó o kọ́ ọ níṣẹ́, o fi í ṣe ère?”

“Mà, wọ́n ti dàgbà jù, ẹnu mi ò gbà á.”

“Ẹnu tèmi gbà á. Mo bí àkọ́bí mi kí wọ́n tó bí i.” Ó nàka sí mi. “Dìde níbẹ̀. Lọ bu omi wá fún mi.”

Mo sáré lọ bu omi. Kò sí ẹni tí ó pariwo.

“O rí i? Kò kú. Ó yá, rán an níwájú mi.”

Ọ̀gá wa fi ọwọ́ bo ojú. “Ẹ… ẹ bá mi fọ dígí wọ̀nyẹn, sà.”

“N kò gbọ́!”

“Ẹ lọ fọ dígí!”

Mo fọ gbogbo rẹ̀, àti èyí tí ó mọ́ tẹ́lẹ̀. Kí ìyá náà tó gbà kí ọ̀gá wa fa ẹ̀jẹ̀ òun, ó dúró títí wọ́n fi fọwọ́ sí àyè kìíní nínú ìwé mi.

Láti ọjọ́ náà lọ, ọ̀gá ń rán mi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń wo ògiri bí ó bá ń rán mi. Mo kọ́ bí a ṣe ń wá kòkòrò ibà lábẹ́ maikirosíkóòpù. Ó wá ku ẹ̀jẹ̀ fífà. Ní Ọjọ́bọ̀ tí ó kẹ́yìn, kò fẹ́ fi aláìsàn kankan dán mi wò, ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì na apá tirẹ̀ sí mi.

Mo so rọ́bà. Mo fi sípíríìtì nu ojú ibẹ̀. Mo rí iṣan, mo sì gún un lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ wọ inú sírínjì, èmi kò sì wá rédíò kankan. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi fẹ́ fa abẹ́rẹ́ yọ.

“Rọ́bà!” ni ó kígbe. “Ẹ ò tíì tú rọ́bà! Ṣé ẹ fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ kún gbogbo ilẹ̀ ni? Kí ni mo ń kọ́ yín láti àná?”

Mo tú rọ́bà. Mo fa abẹ́rẹ́ yọ, mo sì fi òwú tẹ ibẹ̀. Ó wá rántí ẹni tí ó ń bá wí, orúnkún rẹ̀ sì ti ń tẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kúnlẹ̀,” ni mo wí. “Ẹ kò bá mi wí báyìí rí.”

Ó jókòó padà, ó fọwọ́ sí àyè tí ó kù, ó sì kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí ibi tí ọ̀gá ti ń sọ èrò rẹ̀: pé mo ṣeé rán. Lẹ́yìn náà ni ó gbójú sókè, ó wò mí tààrà, ó sì ní kí n yé rẹ́rìn-ín, kí n lọ da abẹ́rẹ́ náà nù.