Lẹ́tà Ràbàtà

Ara mi kì í balẹ̀ láàárọ̀ nígbà yẹn. Bí mo bá ti gba iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ní Ìjàgbó sórí kọ̀ǹpútà mi ní Ọ̀fà, lẹ́tà ojú ẹ̀ á tún kéré bí èèrà. Àwa méjèèjì là ń kọ ètò kọ̀ǹpútà kan fún àwọn tó ń ta oògùn. Ibì kan náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì la jọ ń kó iṣẹ́ sí, fáìlì tó ń pinnu bí ojú kọ̀ǹpútà ṣe máa rí sì wà lára ẹ̀. Bó bá ṣe fẹ́ tiẹ̀ ni tèmi náà ń rí.

Màá sọ lẹ́tà di ńlá, màá fi iṣẹ́ tèmi ránṣẹ́. Kò ní pẹ́ tí fóònù á fi dún.

“Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ní kó o sọ lẹ́tà mi di ràbàtà? Ṣé o rò pé mo ti darúgbó ni?”

“Ẹ má bínú, àṣìṣe ni.”

Irọ́ ni. Èmi àbúrò lojú mi ń ṣe bàìbàì. Báyìí gan-an ni ti màmá wa ṣe bẹ̀rẹ̀, wọn ò sì sọ fún wa títí ojú fi fọ́. Ẹ̀rù ń bà mí. Màá dìde, màá jókòó, màá tún máa nu ojú kọ̀ǹpútà tí kò dọ̀tí.

Lọ́jọ́ kan ó sú mi. Mo yọ fáìlì náà kúrò níbi tá a jọ ń kó iṣẹ́ sí, kí kálukú tọ́jú tiẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ara ẹ̀. Mi ò mọ̀ pé bí ẹ̀gbọ́n mi bá gba iṣẹ́ tí mo fi ránṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà ẹ̀, fáìlì tiẹ̀ á pa rẹ́.

Ó gun ọ̀kadà dé, kò tiẹ̀ bọ́ bàtà.

“Gbogbo bí mo ṣe to kọ̀ǹpútà mi ti dàrú! Jẹ́ n rí tìẹ.”

Kí n tó dí i lọ́nà, ó ti jókòó sídìí ẹ̀. Lẹ́tà tóbi débi pé ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ló gba ìlà kan. Ó yíjú sí mi.

“Látìgbà wo?”

“Ó ti ṣe díẹ̀.”

Ó dìde, ó na ọwọ́ sí mi, bó ṣe máa ń nà án sí màmá.

“Ó yá, ká lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú.”

“Mo ṣì ń ríran, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tá a fi ń lọ lónìí.”