Kúlà Pupa Tó Kọ̀ Tí Kò Wálé

Inú mi máa ń tètè ru, mi ò ní purọ́. Kúlà oúnjẹ lásán ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tú èmi àti ọ̀rẹ́ mi ká.

Midrand ní South Africa níbí ni mo ń gbé. Òun àti ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Súlù ń gbé ní Soweto. Nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, mo se mọ́ín-mọ́ín kún kúlà pupa kan, mo fi lọ kí i. Ó jẹ ẹ́ tán, ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n kúlà ò padà wálé. Ilé tó dáa ló ti wá, wọ́n kọ́ ọ pé a kì í dá abọ́ olóúnjẹ padà lófìfo. Ó sì ti gbọ́ lẹ́nu mi rí pé ìkọ́kọrẹ́ ń wù mí jẹ, ló bá pinnu pé ìkọ́kọrẹ́ lòun máa sè kún kúlà náà. Ẹ gbà mí! Ọmọ Ìjẹ̀ṣà fẹ́ se ìkọ́kọrẹ́ fún ọmọ Ìjẹ̀bú, nílùú tí a ò ti rí ewùrà rà!

"Ìgbà wo lo ń bọ̀?" Èmi nìyẹn lórí fóònù.

"Mò ń bọ̀, jàre. Mi ò tíì rí ewùrà ni."

"Ṣé ewùrà ni mo pè? Ìwọ ni mo ní kó o wá."

"Kí n gbé abọ́ òfìfo wá? Kí màmá mi gbọ́ nílé?"

Báyìí la ṣe ń sọ ọ́ títí òtútù fi dé, tó tún lọ. Ọmọbìnrin mi ní, "Mummy, just buy another one." Mo wò ó ní ìwò kan tó lé e padà sí yàrá. Bí ẹni pé kúlà ni mo ń wá! Ojú lọ̀rọ̀ wà, fóònù kì í sì í ṣe ojú.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, wọ́n kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọ̀rẹ́ àwa méjèèjì kan ní Alexandra ti kú lójijì. Òun náà ti ń sọ fún mi pé, "A máa ríra láìpẹ́." Mi ò gbọ́ ìwàásù mọ́. Ẹ̀rù bà mí pé bí ọ̀kan nínú àwa méjèèjì náà ṣe máa lọ nìyẹn. Mo sunkún, inú sì bí mi sí gbogbo ewùrà ayé.

Nígbà tó di Sátidé, mi ò pe ẹnikẹ́ni. Mo se ìrẹsì sínú kúlà mìíràn, aláwọ̀ ewé, nítorí wọ́n kọ́ èmi náà nílé, mo sì wa mọ́tò lọ sí Soweto. Ọkọ rẹ̀ ni mo bá, ó ń bu omi sí òdòdó.

"Eish, Màmá! Ó ti wọ taxi. Ilé yín ló lọ."

Mo pè é. "Níbo lo wà?"

"Ẹnu géètì yín ni. Kí ló dé tí o ò sí nílé?"

"Ilé rẹ ni mo wà!"

"Kí lo wá ṣe níbẹ̀?"

"Kúlà mi ni mo wá gbà!"

Mo pariwo débi pé ike omi bọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n dúró, òun ń bọ̀. Mo ní kó má ṣe yí ẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀. Gbogbo robot, ìyẹn iná tó ń dá mọ́tò dúró lójú ọ̀nà, ló ń rí mi tí wọ́n ń pọ́n.

Mo bá a níwájú ilé mi, kúlà pupa lórí itan rẹ̀. Ó ti rù. A dì mọ́ra, kúlà wà láàárín, ó gún wa láyà. Mo ṣí i. Magwinya ló wà níbẹ̀, ìyẹn pọ́fù-pọ́fù àwọn ará ibí, tútù bí òkúta.

"Ibi tí mo ti wọ taxi ni mo ti rà á," ó ní, omi lé ròrò lójú rẹ̀. "Mo rò ó pé tí n bá tún dúró de ewùrà..."

A jẹ magwinya, a jẹ ìrẹsì, a rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn wá. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, mo bu ìrẹsì tó kù padà sínú kúlà aláwọ̀ ewé, mo gbé e lé e lọ́wọ́.

"Ṣùgbọ́n gbọ́ o," mo ní, "Sátidé tó ń bọ̀, òfìfo ni kó o gbé e wá."

Ó wò mí bí ẹni pé mo bú màmá rẹ̀.

Sátidé dé, òun náà dé. Ojú ń tì í débi pé kò lè wò mí. Mo ṣí kúlà: òfìfo ni lóòótọ́, ó ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, ẹnikẹ́ni ò tíì fún mi ní ohun tó tó bẹ́ẹ̀ rí.