Arò Tí Jọkẹ́ Fi Sílẹ̀ fún Clément

Ní Odomèta, abúlé wa lẹ́bàá Kétou, ẹni tó bá fẹ́ ṣẹ Jọkẹ́, kó kọ́kọ́ béèrè iye ọdún tí òun fẹ́ lò láyé. Obìnrin náà kì í jà, kì í ṣépè, kì í sì í gbàgbé. Ewúrẹ́ aládùúgbò rẹ̀ kan jẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀; ọdún mẹ́sàn-án ni kò fi dá ọkùnrin náà lóhùn, títí onítọ̀hún fi kó lọ sí Adakplamè. Jọkẹ́ ní ẹni tó kó lọ ló jẹ̀bi.

Èmi Sìdíkù ni mo mú Clément wá sílé rẹ̀. Clément ni ọ̀gá ẹgbẹ́ olórin wa. Ogún ọdún la ti ń fi jìtá oníná kọrin kiri, rọ́ọ̀kì là ń ṣe; irun orí wa ti ń funfun, ṣòkòtò wa ṣì fún. Ọmọ Kétou ni, ṣùgbọ́n Cotonou ló dàgbà sí, èdè Nàgó wa ń kọsẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ní 1983, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ àwo búlúùsì àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Ó ní inú orin ìrora àwọn tó ń ká òwú ni rọ́ọ̀kì ti wá, àwa náà sì ń gbin òwú níbí, kí ló dé tí a ò fi wá tiwa? Òótọ́ ló sọ, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn.

Kò sẹ́ni tó ń dá arò bíi Jọkẹ́. Èṣùgbàyí ọkọ rẹ̀, igi ló wó pa á lóko. Kò bímọ, kò kọ́lé. Orúkọ rẹ̀ kò sí níbòmíràn láyé àfi nínú arò tí Jọkẹ́ dá fún un. Ẹnìkan á gbé arò náà, á pe orúkọ òkú, àwọn obìnrin á pè é padà lẹ́ẹ̀mẹta. Arò kan, òkú kan: bí àwọn obìnrin bá ti pe orúkọ ẹlòmíràn padà nínú rẹ̀, kò ṣeé pe ti àkọ́kọ́ mọ́.

"Èṣùgbàyí ló ni ín o," Jọkẹ́ wí, nígbà tó kọ ọ́ sínú kaséètì Clément tán. "Níbikíbi tí o bá ti kọ ọ́, orúkọ rẹ̀ ni kí o pè."

"Màmá, mo búra," Clément dáhùn.

Ní Cotonou, nílé ìgbohùnsílẹ̀, mo fi jìtá tèmi sí orin náà tán, mo lọ sílé. Ẹ̀yìn mi ni wọ́n fi ohùn sí i. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, rédíò kan kọ orin náà lọ́jà Kétou. Ibi tó yẹ kó ti pe orúkọ Èṣùgbàyí, Clément, orúkọ ara rẹ̀, ló pè níbẹ̀. Ó rò pé orúkọ ẹni tó ṣe orin là ń pè níbẹ̀, bí àwa olórin ti máa ń kì ara wa nínú àwo. Wọ́n bi í léèrè lórí rédíò ibi tó ti rí orin náà, ó ní ojú àlá ni. Jọkẹ́ sọ agbọ̀n tòmátì rẹ̀ kalẹ̀. "Ó ti pa ọkọ mi lẹ́ẹ̀kejì," ó sọ fún mi. Ojú tì mí, inú sì bí mi.

Kò pẹ́, tẹlifísọ̀n fẹ́ wá yàwòrán orin náà ní Odomèta. Délégé, olórí tí ìjọba yàn sí abúlé wa, pàṣẹ kí gbogbo obìnrin jáde wá gbè é. Ayé Ehuzu ni, ìgbà ìjọba ológun. Bí aláṣẹ bá ti ké, a ó dáhùn, ó ti mọ́ wa lára. Mo sọ fún Jọkẹ́ pé mo fẹ́ kìlọ̀ fún Clément pé orúkọ òkú là ń pè níbẹ̀.

"Sìdíkù, pa ẹnu rẹ dé. Ipò Èṣùgbàyí ló wù ú. Màá fún un."

Mo pa ẹnu mi dé. Ẹ bú mi bí ẹ bá fẹ́.

Ọ̀sán gangan ni. Clément wọ ẹ̀wù tó ń dán. Philomène ìyá rẹ̀ jókòó níwájú, ó wé gèlè tuntun. Clément ta jìtá, ó gbé orin: "Ta ló ń lọ tí kò wẹ̀yìn? Clément ni." Jọkẹ́ tú gèlè rẹ̀, ó káwọ́ lérí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọgbọ̀n obìnrin ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ̀lé e. "Clément o! Clément o! Clément o!" Ẹkún gidi ni wọ́n sun, torí ta ni kò ní òkú tirẹ̀? Ìyá gbọ́ Nàgó ju ọmọ lọ. Philomène fò dìde, ó rọ̀ mọ́ ọmọ rẹ̀: "Ẹ má sin ín láàyè! Ó ń bẹ níbí!" Clément ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Ayàwòrán rò pé eré ni, ó gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Oṣù méjì ni wọ́n fi ń gbé e jáde lórí tẹlifísọ̀n lọ́jọ́ Sátidé. Láti Kétou dé Kpankou, àwọn èèyàn ń kí Philomène lọ́nà ọjà: "Ẹ kú ọ̀fọ̀ o." Kò sẹ́ni tó pè wá síbi ìgbéyàwó mọ́, ta ni yóò pe ẹni tí wọ́n ti dá arò fún wá sí òde ayọ̀? Ebi pa èmi náà, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi.

Níkẹyìn, Clément wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Jọkẹ́. "Màmá, ẹ gba arò yín padà. Màá pe orúkọ bàbá ní rédíò."

Ẹ̀pà ni Jọkẹ́ ń pa. "Tìrẹ ni," ó ní. "Máa gbé e lọ."

Nígbà tó lọ tán, mo bi í léèrè: "Màmá, Èṣùgbàyí ńkọ́? A ò lè pè é nínú rẹ̀ mọ́."

"Mo mọ̀," ó ní. "Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n wá yàwòrán ni mo lọ sójú oórì rẹ̀, mo pè é nígbà ìkẹyìn."