Irun Roqeeb àti Ẹgbẹ́ Alhaji Oní-fóòmù

Ibi yòówù kí ẹ máa lọ, ẹ dúró ná. Ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ti Roqeeb onígbàjámọ̀, torí tí ẹ bá lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì, wọ́n á ti bù nínú ẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Ṣọ́ọ̀bù Roqeeb wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Òjúwòyè ní Mushin. Tó bá gé irun fún ọ, eṣinṣin tó bá bà lé orí ẹ á yọ̀ ṣubú. Ṣùgbọ́n ní àkókò tí à ń sọ yìí, orí Roqeeb fúnra ẹ̀ dà bí igbó tí ìjọba gbàgbé. Oníbàárà tuntun á yọjú, á wo orí ẹ̀, á ní òun ń bọ̀. Kò ní bọ̀ mọ́. Àwọn ọmọ ilé kéú á máa ké lójú títì pé, "Ẹ wo onígbàjámọ̀ tí kò ní kílípà!"

Kí ló fà á? Bọ́ọ̀lù ni.

Ìràwọ̀ Òjúwòyè ni ẹgbẹ́ tí Roqeeb ń tì lẹ́yìn láti ìgbà tí bàbá ẹ̀ ti ń gbé e sí èjìká lọ sí pápá. Ìràwọ̀ ń tàn nígbà yẹn o! Àfi ìgbà tí Alhaji Tìrìmísíyù ra ẹgbẹ́ náà. Fóòmù ni Alhaji ń tà, èyí tí à ń sùn lé. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó tẹ ojú ara ẹ̀ sí àyà jẹ́sì, pẹ̀lú irùngbọ̀n dúdú tí Roqeeb ń bá a gẹ̀ létílétí, àwòrán náà sì tóbi débi pé orúkọ ẹgbẹ́ ò ríbi jókòó. Lẹ́yìn ìyẹn, ó lé kóòṣì, ó fi àbúrò ìyàwó ẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ fóòmù rọ́pò ẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, góòlù ń wọ ilé wọn bí ẹní ń wọ ọjà. Àwọn alátakò á máa fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀: "Ẹ̀yin ọmọ oní-fóòmù, ṣé kí á bá yín tẹ́ ibùsùn ni?"

Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ Jíbówú wá nà wọ́n mọ́lé, ara Roqeeb ò gbà á mọ́. Ó fò gun bẹ́ǹṣì lójú gbogbo èrò, ó ní: "Wallahi, kílípà ò ní kan orí mi títí Ìràwọ̀ á fi borí!"

Ó rò pé bó pẹ́ tán, ọ̀sẹ̀ méjì. Ta ló ń fi Ọlọ́run búra lé ẹgbẹ́ tí gólì wọn ń yán lójú pápá? Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò dá, Ìràwọ̀ ò borí.

Èyí tó wá le níbẹ̀ ni ti Jameelah, àfẹ́sọ́nà ẹ̀ tó ń ta ìbòrí ní Yaba. Wọ́n ti mú ọjọ́ yìgì wọn, ọjọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀lé ìdíje tó kẹ́yìn lọ́dún náà gan-an ni.

"Roqeeb, èmi ò bá igbó so yìgì o. Tí wọ́n bá ní kí ọkọ ìyàwó dìde, tí àparò bá fò jáde ńkọ́?"

"Mo ti búra, Jameelah."

"Ṣé èmi lo búra fún? Irun yẹn àbí èmi. Mú ọ̀kan."

Ni Roqeeb bá sá tọ Álífà Aminullah lọ. Álífà rẹ́rìn-ín títí fìlà fi já bọ́.

"Lórí Ìràwọ̀? Èmi gan-an ò gbàdúrà fún wọn mọ́. Ó dáa, ìtánràn wà fún ẹni tó bá fẹ́ jáwọ́ nínú ìbúra. Bọ́ aláìní mẹ́wàá, wàá bọ́. Ṣùgbọ́n aláìní gidi o! Má lọ kó àwọn ọ̀rẹ́ ẹ tó ti yó jọ."

Bí Sátidé ìdíje tó kẹ́yìn ṣe mọ́, Àǹtí Kùdírátù, olóńjẹ ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ti bá a gbé ìkòkò ńlá kaná. Oúnjẹ jinná, aláìní dàwátì! Ìkómọ wà lójúlé méjì ládùúgbò, gbogbo àwọn tó máa ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ti lọ yó síbẹ̀.

Bó ṣe dúró ti ìkòkò, tó ń họ orí, ni àwọn agbábọ́ọ̀lù Ìràwọ̀ ń fẹsẹ̀ rìn kọjá lọ sí pápá. Fóòmù ló wà nínú ọkọ̀ wọn. Oyèníran, gólì tó ga bí òpó iná, dúró, ó ń fa òórùn ìkòkò símú.

"Ẹ̀gbọ́n Roqeeb, ẹ kú ìnáwó o."

"Oyèníran, kí lẹ jẹ láàárọ̀?"

"Bísíkíìtì tí Alhaji fún wa ni. Wọ́n ní agbábọ́ọ̀lù tó bá yó ò lè sáré."

"Àná ńkọ́?"

"Bísíkíìtì náà ni. Ti àná tiẹ̀ rọ̀ díẹ̀."

Àǹtí Kùdírátù wo Roqeeb. "Aláìní lo sì ń wá kiri láti àárọ̀?"

"Ẹ bù fún wọn, Àǹtí."

Ìrẹsì, ẹ̀wà, dòdò, pọ̀nmọ́ tó ń dán! Mẹ́wàá ni Álífà wí, mọ́kànlá ló jókòó. Roqeeb ní ọ̀kan tó lé, èènì ni.

Ẹgbẹ́ Ìwáyà ni wọ́n bá gbá lọ́jọ́ náà, àwọn ọmọ etí ọ̀sà tí ẹja ò wọ́n nínú ọbẹ̀ wọn. Háà! Ẹni tó bá sáré lọ iwájú tún ń sáré padà! Oyèníran fò, ó ki bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, kò yán lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí Ìràwọ̀ gbá góòlù wọlé, pápá pa lọ́lọ́. Àwọn alátìlẹ́yìn ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń hó. Títí réfírì fi fọn fèrè, góòlù kan yẹn ò yẹ̀. Ìràwọ̀ borí! Roqeeb fọwọ́ méjèèjì di irun ẹ̀ mú, ó bú sẹ́kún. Kò tiẹ̀ nílò ìtánràn mọ́.

Alhaji já ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbà. "Ẹ rí iṣẹ́ ọwọ́ mi! Mo ní kí wọ́n má jẹun jù, àbí ẹ ò rí i?"

Oyèníran tí inú ẹ̀ yó, tí ẹnu ẹ̀ sì le, dáhùn: "Alhaji, ọwọ́ onígbàjámọ̀ la ti jẹun o!"

Ni èrò bá bú: "Oníbísíkíìtì! Oníbísíkíìtì!" Alhaji wọ mọ́tò, ó yí gíláàsì sókè.

Jameelah ló fi kílípà kan orí náà fúnra ẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ó gé e ségesège, Roqeeb tún un ṣe, nígbà tó di ọjọ́ kejì, yìgì so.

Ó tó ọjọ́ mélòó kan, Alhaji yọ sí ṣọ́ọ̀bù pé kí wọ́n bá òun gẹ irùngbọ̀n. Ó jókòó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Roqeeb ọmọ mi, ìdíje tuntun ń bọ̀. Ṣé o ò ní tún búra ni?"

Roqeeb gbé kílípà kalẹ̀. "Màá búra, Alhaji. Wallahi, kílípà mi ò ní kan irùngbọ̀n yín títí ẹ ó fi máa bọ́ àwọn ọmọ yẹn."

Alhaji bínú jáde, ó gba ṣọ́ọ̀bù kejì lọ. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ onígbàjámọ̀ Mushin ti gbọ́, ẹnu wọn sì kò: orí tí ọ̀kan bá kọ̀, gbogbo wọn ti kọ̀ ọ́.

Bí ẹ bá rò pé mò ń parọ́, ẹ ya Òjúwòyè, ẹ dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù fóòmù. Ẹ wo irùngbọ̀n Alhaji fúnra yín. Tó bá ti kan àyà, ẹ mọ̀ pé bísíkíìtì ni wọ́n ṣì ń jẹ.