Kọ́lápọ̀ Tó Ń Fi Etí Tukọ̀

Ẹ má dá àwọn tó ń sọ pé kọ́mpáàsì ló ń mú fẹ́rì la ọ̀sà kọjá lóhùn. Mo wà níbẹ̀. Etí ni Kọ́lápọ̀ fi ń tukọ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, Mushin ló ń gbé, kò sì sí awakọ̀ ojú omi tó tó o láti Èkó dé Bàdágìrì. Bí ọyẹ́ bá bo ọ̀sà, tí èèyàn ò rí ọwọ́ ara rẹ̀, ariwo ayùn àwọn alápákó Oko-Bàbà ló ń tẹ̀ lé títí tá a fi máa gúnlẹ̀ sí Èbúté-Mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ mọ́. Wọ́n ti ṣí afárá tuntun, èrò ń bá mọ́tò lọ. Àlàájà Ìdíátù tó ni fẹ́rì méjì ní òun máa ta ọ̀kan, awakọ̀ kan ló sì máa kù: yálà Kọ́lápọ̀, tàbí Jethro tó kàwé, tó ní kọ́mpáàsì. Kọ́lápọ̀ á fi òkèlè sílẹ̀ nínú àwo, á dìde, á lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, á tún padà wọlé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní ọdún 1976, ọyẹ́ mú gidigidi. Ọgọ́rin èèyàn ló wọ fẹ́rì, ẹ kúkú pè é ní ọgọ́rùn-ún. Jethro náà wà láàárín èrò. Nígbà tá a dé àárín ọ̀sà, Kọ́lápọ̀ pa ẹ́ńjìnì, ó tẹ́tí. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó yí sọ́tùn-ún, ó tún pa á. Èmi ni mo rán an létí pé ọdún ni, àwọn alápákó ò ṣiṣẹ́. Nínú ogún ọdún tó ti lò lójú omi, ọyẹ́ líle àti ọjọ́ ọdún ò pàdé lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé Kútọnu lẹ ń gbé wa lọ ni?” Àṣàkẹ́ aláṣọ Tejúoṣó ló sọ bẹ́ẹ̀. “Mi ò mú páásípọ́ọ̀tù wá o.”

A rẹ́rìn-ín. Ibi tá a ti ń rẹ́rìn-ín ni ìtì igi kan ti ha ìdí ọkọ̀ fàà, tí omi sì ta wọlé. Ẹ̀rín tán. Kọ́lápọ̀ wo Jethro títí.

“Jethro, wá gba ọkọ̀.”

“Ṣé ó dá yín lójú, Ẹ̀gbọ́n?”

“Mo ní kí o wá gbà á. Èèyàn ló wà nínú ọkọ̀ yìí.”

Jethro yọ kọ́mpáàsì, ó sì gbé wa gúnlẹ̀. Gbogbo wa ṣèlérí pé Àlàájà ò ní gbọ́. Kọ́lápọ̀ fúnra rẹ̀ ló lọ sọ fún un lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Àlàájà gbé ọkọ̀ fún Jethro, ó wá bi Kọ́lápọ̀ pé iṣẹ́ wo ló kù tó lè ṣe. Kọ́lápọ̀ ní òun á máa so okùn ọkọ̀ ní èbúté. Títí wọ́n fi ta fẹ́rì kejì náà, iwájú ọkọ̀ ló ń dúró sí, tòun ti ọ̀pá gígùn tó fi ń ti ìtì igi kúrò lọ́nà, kò sì jókòó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.